Ahọ́n Dagogo

Rumuokoro,
Port Harcourt.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kejì, ọdún 2001.

Mujeebat ọmọ mi,

Àsàlámù àlékúmù. Ṣé ara le? Ṣé òtútù Gúúsù Áfíríkà kò tíì sọ ọ́ di igi? Àwa wà níbí, a dúpẹ́. Táyà àwọn onímọ́tò ń jò, èmi ń lẹ̀ ẹ́, ọjọ́ ń lọ.

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ bi ọ́, mi ò sì fẹ́ kí o fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó mọ́lẹ̀. Nígbà tí o ń dágbére fún mi, o ní ọ̀gá rẹ, Madam Ibinabo, fẹ́ rán ọ lọ kọ́ bisinẹ́ẹ̀sì fún oṣù mẹ́fà. Mo gbàdúrà fún ọ, mo bọ́ tẹ̀sùbáà ọwọ́ mi fún ọ. Ní Jímọ̀ tó kọjá, Madam fúnra rẹ̀ wá fẹ́ atẹ́gùn sí táyà mọ́tò rẹ̀, ó ní, "Alhaji, your pikin go come back as correct wine woman." Ó ní ilé ìwé àwọn máníjà ilé iṣẹ́ ọtí ni o wà, pé wọ́n ń kọ́ yín bí a ṣe ń ṣe wáìnì àti bí a ṣe ń tà á. Páìpù bọ́ lọ́wọ́ mi.

Mo mọ̀ pé ilé iṣẹ́ ọtí ọ̀pẹ òyìnbó ni ìwọ àti àbúrò rẹ Mùtíù ti ń bá Madam ṣe ní Eneka láti ọdún mẹ́ta. Ohun tí mo ń sọ fún ara mi ni pé ìwé ni ìwọ ń kọ, ẹrù ni Mùtíù ń ṣọ́, ẹni tó ń kọ ìwé kò fẹnu kan nǹkan. Ṣùgbọ́n kí ọmọ mi wọ ọkọ̀ òfuurufú nítorí ọtí, ìyẹn kò wọ̀ mí létí. Ǹjẹ́ ó ti kàn ọ́ lẹ́nu? Dá mi lóhùn ní bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Rumuokoro kò dára mọ́. Àwọn ọmọ tó ń gba owó ilẹ̀ lọ́wọ́ àwa ọlọ́jà ti pín sí ẹgbẹ́ méjì. Ní ọjọ́ Ajé tó kọjá, wọ́n ṣá ọmọkùnrin kan tó ń ta bátìrì níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Àdá àkọ́kọ́ bà á ní èjìká, èkejì la ojú rẹ̀. Ó sá wọlé tọ̀ mí wá, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń dà sára àwọn táyà. Nígbà tí àwọn tó ń lé e dé ẹnu ọ̀nà, mo gbé irin tí mo fi ń yọ táyà sókè, mo ní ẹni tó bá wọlé, n ó yọ orí rẹ̀ bí ẹni yọ táyà lára rímù. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín, wọ́n lọ. Ọmọ náà kú kí a tó rí mọ́tò. Ọ̀gá wọn tí wọ́n ń pè ní Ṣíámáànù wá ní ọjọ́ kejì, ó ní, "Papa, sorry for the blood." Mo fọ ṣọ́ọ̀bù náà lẹ́ẹ̀mẹta.

Mùtíù ní kí n kí ọ. Ó ti jókòó sórí àga rẹ ní ilé iṣẹ́, ó tún ń wọ táì.

Èmi bàbá rẹ,
Ṣàfíù.


Paarl,
South Africa.
Ọjọ́ kejì, oṣù kẹta, ọdún 2001.

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Lẹ́tà yín dé lánàá, mo kà á títí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Kò sí òtútù níbí o. Ìgbà ìkórè àjàrà ni, oòrùn ibí le ju ti Rumuokoro lọ.

Bẹ́ẹ̀ kọ́, Bàbá. Kò tíì kàn mí lẹ́nu. Ẹ má bínú pé mo gé ọ̀rọ̀ kù fún yín. Bí mo bá pe orúkọ ọtí, ẹ ò ní jẹ́ kí n lọ, Madam á sì fi ẹlòmíì rọ́pò mi. Mo mọ̀ pé irọ́ ni mo pa, mo sì tọrọ àforíjì.

Àwa mẹ́rìnlá la wà nínú kíláàsì, máníjà ni gbogbo wa. Ní òwúrọ̀, a ń fọ àgbá, a ń fún èso. Ní ọ̀sán, wọ́n ń kọ́ wa bí a ṣe ń bá àwọn òtẹ́ẹ̀lì dúnàá-dúrà àti ohun tó yẹ kó wà lára ìwé tí a ń lẹ̀ mọ́ ìgò. Lẹ́yìn náà, wọ́n á bu ọtí sínú ife, wọ́n á ní ká tọ́ ọ wò, ká tu ú sínú korobá. Imú nìkan ni mo ń fi gbọ́ òórùn rẹ̀. Olùkọ́ wa ní alásè tí kì í tọ́ ọbẹ̀ wò, àlejò ni yóò sọ fún un pé iyọ̀ ti pọ̀ jù. Gbogbo kíláàsì fi mí rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún un pé dígí ni mo ń lò nílé.

Ọ̀rọ̀ dígí yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi sọ fún Mùtíù kíákíá. Dígí gígùn tín-ín-rín kan wà tí mo máa ń sọ sínú ọtí. Bí ó bá léfòó sókè, ṣúgà ṣì pọ̀ nínú ọtí náà. Bí ó bá rì dé ibi àmì pupa, ṣúgà ti tán, a lè rọ ọ́ sínú ìgò. Mo rò pé a máa nílò rẹ̀ níbí, mo kó o mọ́ ẹrù mi. Ogún irú rẹ̀ ni mo bá lórí tábìlì wọn, Bàbá. Ẹyọ kan ṣoṣo tí a ní ní Eneka ni mo gbé kúrò. N ó fi rán ẹni tó bá kọ́kọ́ ń bọ̀ wá sílé.

Kó tó dé, ahọ́n Dagogo nìkan ló kù wá kù. Dagogo ni ọkùnrin ará Kalabari tó ń tọ́jú àwọn dírọ́ọ̀mù wa. Láràárọ̀ ló ń tọ́ wọn wò, iṣẹ́ rẹ̀ ni, Madam ló yàn án fún un. Kí Mùtíù má rọ nǹkan kan sínú ìgò títí Dagogo á fi sọ pé adùn ti kúrò nínú rẹ̀ pátápátá.

Kí ẹ má baà rò pé mo ń ṣeré: ọtí tí kò tíì parí iṣẹ́ rẹ̀ ń mí. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin kan ní oko tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa sọ̀kalẹ̀ sínú táńkì láti kó èèpo èso jáde. Afẹ́fẹ́ tí ọtí mí síta ti kún inú rẹ̀, ojú kò sì lè rí i. Ó ṣubú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bẹ́ wọlé láti gbé e, òun náà ṣubú. Mo wà lára àwọn tó fa okùn. Ojú ẹ̀gbọ́n ti dúdú bí aró, agbárí rẹ̀ ti fọ́ níbi tó ti kọlu irin. Afẹ́fẹ́ kan náà yẹn, bí a bá dé e mọ́ inú ìgò, á wá ọ̀nà tirẹ̀ jáde.

Ọmọ yín,
Mujeebat.


Rumuokoro,
Port Harcourt.
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹta, ọdún 2001.

Mujeebat,

Mo kí ọ, bí o bá ṣì ń gba ìkíni. Ó ti lé ní oṣù kan tí mo ti bi ọ́ ní ìbéèrè, n kò rí èsì. Ẹni tí a bi ní ọ̀rọ̀ tó dákẹ́, a ti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. A ṣe Iléyá láìsí ẹ. Àgbò ọdún yìí lágídí, ó fi ìwo gún Mùtíù ní itan kí a tó rí i dè mọ́lẹ̀. Gbogbo ẹ̀jẹ̀ ọjọ́ yẹn, n kò mọ èyí tó jẹ́ ti àgbò àti èyí tó jẹ́ ti ọmọ mi.

Madam Ibinabo ti lọ sí London lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú. Oṣù karùn-ún ni yóò dé. Ó kó gbogbo kọ́kọ́rọ́ lé Mùtíù lọ́wọ́, ọmọ náà sì fẹ́ fi hàn pé òun tó gbangba sùn lọ́yẹ́. Wọ́n ń rọ ọtí sínú ìgò báyìí kí ọjà lè yá nígbà Ọdún Àjíǹde.

Mo lọ wo ibẹ̀ fúnra mi. Kí ni mo rí? Aago mẹ́sàn-án àárọ̀, Dagogo dúró ti dírọ́ọ̀mù, ife lẹ́nu, ó di ojú, ó ń pọ́n ètè lá. Mo ní, "Dagogo, for this early morning?" Ó ní, "Alhaji, na work I dey." Iṣẹ́ kẹ̀. Mo pe Mùtíù sẹ́yìn, mo ní ẹni tó bá ń mutí ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, kí ni yóò kù fún ọlọ́tí ní aago méje alẹ́? Mùtíù ní òun náà ti ń fura sí i tẹ́lẹ̀. Ó lé e níwájú mi. Dagogo dúró lẹ́nu géètì, ó ń pariwo pé, "E never finish. E still dey sweet. No put am for bottle." Mo rò pé ọtí ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Ọmọ náà gbìyànjú lẹ́yìn ìyẹn. Kọ́ọ̀kì ń fò kúrò lẹ́nu ìgò, bí wọ́n bá dé e, yóò tún fò. Mo ní ọ̀rọ̀ yìí kò le. Mo mú píláyà mi, mo kọ́ Mùtíù bí a ṣe ń fi wáyà dè é, kí a lọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹrin kí ó má lè mira. Àwa méjèèjì ló so gbogbo rẹ̀, ọgbọ̀n páálí. Ó pẹ́ tí mo ti bá ọmọ mi jókòó ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀, inú mi dùn.

Ìyá Ṣíámáànù kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti wá sọ fún Mùtíù pé àwọn á wá kó ọtí òkú. Mùtíù ní kí wọ́n mú owó dání. Ọ̀kan lára wọn fi ìdí ìbọn gbá a lẹ́nu, ètè rẹ̀ ya. Kò sunkún. Mo bá ọ yọ̀ lórí àbúrò rẹ.

Fèsì, bí ojú kò bá tì ọ́.

Ṣàfíù.


Paarl.
Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹrin, ọdún 2001.

Bàbá mi,

N kò lè kí yín bó ṣe yẹ. Lẹ́tà yín dé ní ààbọ̀ wákàtí sẹ́yìn. Mo sáré lọ sí ibi tẹlifóònù, mo pe nọ́mbà ilé tẹlifóònù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù yín. Kò dún. N ó tún pè é lọ́la. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí.

Ẹ pe Dagogo padà. Ẹ bẹ̀ ẹ́. Dagogo kì í ṣe ọ̀mùtí, òun ni dígí wa. Ohun tó sọ lẹ́nu géètì, òótọ́ ni. Ṣúgà ṣì wà nínú ọtí yẹn, ó ṣì ń mí, ẹ sì ti fi wáyà dè é lẹ́nu. Kọ́ọ̀kì tó ń fò yẹn, òun ló ń gbà yín là.

Kí ẹnikẹ́ni má gbé àwọn páálí náà kúrò nínú òkùnkùn. Kí wọ́n má rí oòrùn rárá. Ẹ fi àpò tútù bò wọ́n. Kí Dagogo nìkan tú wáyà wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan, kó fi aṣọ nínípọn bo ojú àti ọrùn. Bí ìgò kan bá bú, yóò pe àwọn tó kù. Olùkọ́ wa fi àpá hàn wá láti etí rẹ̀ dé àgbọ̀n, ìgò méjì péré ló ṣe é. Ẹ̀yin ní ọ̀tàlélọ́ọ̀ọ́dúnrún.

Bí àwọn ọmọ Ṣíámáànù bá dé, ẹ sọ òótọ́ fún wọn. Ẹ bá mi fún wọn ní nǹkan mìíràn, ohunkóhun tí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n má kó ọtí yẹn.

Èmi ni mo gbé dígí. Mo bẹ̀ yín, ẹ má bínú sí Mùtíù. Inú ń bí mi sí yín, Bàbá, mo sọ ọ́ kí ó má baà kún inú mi. Ẹ lọ sí ibi iṣẹ́ tí ẹ kò mọ̀, ẹ sì lé ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Mujeebat.


Rumuokwurushi,
Port Harcourt.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹrin, ọdún 2001.

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú ilé ìwé. Mùtíù ni. Lẹ́tà tí ẹ kọ ní oṣù kẹta, àná ló dé. Ìyàwó Dagogo ló lọ gbà á lọ́wọ́ Bàbá wá fún mi. Mo kà á lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn, ibẹ̀ ni mo ń gbé láti ọjọ́ márùn-ún. Ọkùnrin tí mo lé lẹ́nu iṣẹ́ ló fi mí pamọ́.

Ní Sátidé tó kọjá, àwọn ọmọ Ṣíámáànù wá kó ọtí òkú. Mẹ́sàn-án ni wọ́n. Mo ní kí wọ́n sanwó. Wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ àdá gbá mi ní etí, mo ṣubú, ọ̀kan fi bàtà tẹ̀ mí ní ọrùn títí wọ́n fi kó gbogbo páálí tán sínú bọ́ọ̀sì. Wọ́n jókòó lé wọn lórí. Ọ̀sán gangan ni. Nígbà tí wọ́n dé Rumuokoro, ọ̀nà ti dí, bọ́ọ̀sì náà dúró sínú oòrùn.

Ṣọ́ọ̀bù Bàbá kò jìnnà síbẹ̀, ojú wọn ló ṣe. Bàbá ní ìgò kan kọ́kọ́ bú, ẹnìkan nínú bọ́ọ̀sì sì rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni gbogbo rẹ̀ gbà á. Dígí ń gba ojú fèrèsé jáde. Àwọn èrò sá, wọ́n ń kígbe bọ́ǹbù. Wọ́n wọ́ ènìyàn márùn-ún jáde. Ojú ọ̀kan ti lọ, méjèèjì. Àbúrò Ṣíámáànù ni ọrùn ìgò wọ̀ ní ọ̀fun. Bàbá ní kọ́ọ̀kì ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ pẹ̀lú wáyà tí a lọ́. Ó kú sórí títì.

Àwọn ọmọ Ṣíámáànù ní bọ́ǹbù ni mo fi sínú ìgò, pé ẹgbẹ́ kejì ló bẹ̀ mí lọ́wẹ̀. Wọ́n jó ilé iṣẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ yẹn. Wọ́n na ọlọ́dẹ ibẹ̀ títí kò fi lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ohun tí wọ́n ń pariwo kiri ni pé, Yorùbá tó ń ṣe ọtí fún ẹni ẹlẹ́ni, kí ló dé tí òun kì í mu ún? Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn mí. Dagogo náà bi mí lánàá. Ó ní bí mo bá fi ahọ́n kàn án lẹ́ẹ̀kan péré, mi ò bá ti mọ̀.

Ẹ̀rù ń bà mí. Ìyàwó Dagogo ń lọ sí ọjà, yóò bá mi fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́. Ẹ má wá sílé.

Àbúrò yín,
Mùtíù.


Paarl.
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹrin, ọdún 2001.

Bàbá mi,

Mo kí yín. Lẹ́tà Mùtíù dé ọwọ́ mi lọ́jọ́ mẹ́rin sẹ́yìn. Láti ìgbà náà, ojoojúmọ́ ni mo ń pe nọ́mbà yẹn. Ẹni tó gbé e lánàá ní wọ́n jó apá kan ilé tẹlifóònù náà tẹ́lẹ̀, pé ṣọ́ọ̀bù fọkanáísà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wà ní títì. Mo bi í pé ọmọ fọkanáísà náà ńkọ́. Ó ní, "Which one? The one wey dem put tyre?" Tẹlifóònù sì já.

Bàbá, ẹ kọ̀wé sí mi. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ kan péré ni. Bí ẹ bá ń bínú sí mi, ẹ kọ ọ́ pé ẹ ń bínú. N kò lọ sí kíláàsì mọ́. Mo jókòó ti dígí yìí lórí bẹ́ẹ̀dì mi, n kò rí ẹni tí n ó fi rán.

Mujeebat.


Rumuokwurushi,
Port Harcourt.
Ọjọ́ kẹfà, oṣù karùn-ún, ọdún 2001.

Mujeebat ọmọ mi,

Mùtíù wà láàyè. Mo fi í ṣíwájú kí o tó ka ìyókù. Àsàlámù àlékúmù.

Àwọn lẹ́tà rẹ ti oṣù kẹta àti oṣù kẹrin wà níwájú mi. Mo pẹ́ kí n tó dá ọ lóhùn nítorí ọwọ́ òsì ni mo fi ń kọ èyí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ni. Ojú sì tún ń tì mí.

Wọ́n rí Mùtíù ní Jímọ̀, ọjọ́ kejì tó kọ̀wé sí ọ. Wọ́n dè é mọ́jú níbi tí n kò mọ̀. Ní àárọ̀ Sátidé, wọ́n wọ́ ọ wá síwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Etí òsì rẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́. Wọ́n wọlé, wọ́n mú táyà kan, wọ́n fi kọ́ ọ lọ́rùn. Mujeebat, táyà tí èmi fúnra mi lẹ̀ ní àárọ̀ yẹn ni, ibi tí mo lẹ̀ kò tíì gbẹ. Ẹnìkan dúró tì í pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì pẹtiróòlù.

Mo kúnlẹ̀ fún Ṣíámáànù. Ọmọ tí mo tó bí. Ó ní, "Papa, I no get quarrel with you. Na your pikin kill my brother." Wọ́n da pẹtiróòlù sí Mùtíù lórí, ó ń ta á lójú, kò sì lè nù ún.

Dagogo ló la èrò kọjá wá. Wọ́n ti na òun náà nítorí pé ilé rẹ̀ ni wọ́n ti mú ọmọ, eyín iwájú rẹ̀ méjì ti lọ. Ó ní kì í ṣe bọ́ǹbù. Ó ní ọtí tí kò tíì jinná ni wọ́n dé mọ́nú ìgò, pé òun sọ fún wọn, wọn ò gbọ́. Ìgò mẹ́ta kan wà tí kò bú nínú bọ́ọ̀sì, àwọn ọmọ náà ti kó wọn pamọ́. Ṣíámáànù ní kí wọ́n gbé ọ̀kan wá. Dagogo nawọ́ pé òun yóò mu ún kí wọ́n lè rí i pé ọtí lásán ni. Ṣíámáànù ní rárá. Ó ní, "If na ordinary wine, make Alhaji drink am." Gbogbo Rumuokoro ló mọ̀ pé n kì í mu ún, ìdí tó fi sọ bẹ́ẹ̀ nìyẹn.

Mo mú píláyà mi. Gbogbo wọn sá sẹ́yìn. Mo fi aṣọ bojú, mo tú wáyà tí mo fi ọwọ́ mi lọ́, kọ́ọ̀kì fò, ó lu páànù òrùlé. Ọtí náà ń hó jáde sí mi lọ́wọ́. Mùtíù ń sọ pé, "Bàbá, ẹ má mu ún. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pa mí." Mo ní kó dákẹ́. Mo mu ún, odidi ìgò kan. Ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni mo ti fi ṣọ́ ẹnu mi.

Wọ́n ní ká dúró ká wò ó. Orí mi ń yí, mo di táyà ọrùn Mùtíù mú kí n má baà ṣubú. Nígbà tó ṣe, Ṣíámáànù gba ìgò náà, ó kán èyí tó kù sí àtẹ́lẹwọ́, ó lá a. Ó ní ọtí lásán ni lóòótọ́. Ó wá bọ́ táyà kúrò lọ́rùn ọmọ. Ṣùgbọ́n ó ní àbúrò òun kò lè kú lásán, ọwọ́ wo ló so wáyà? Mùtíù la ẹnu. Mo yára ní tèmi ni. Irọ́ kọ́, èmi ni mo kọ́ ọ. Wọ́n gbé ọwọ́ ọ̀tún mi lé rímù, wọ́n fi irin tí mo fi ń yọ táyà lù ú. Mo gbọ́ tí egungun rẹ̀ ń fọ́, ẹ̀ẹ̀kẹta ni mo tó dákú. Àwọn ọlọ́pàá dé nígbà tó ti tán.

Dókítà ní ìka méjì yóò tún lè tẹ̀. Ara Mùtíù ń yá díẹ̀díẹ̀. A wà ní ilé Dagogo, àwa méjèèjì. Mo bẹ Dagogo. Ó ní kí n jẹun ná.

Àlfáà wá kí mi. Ó ní Ọlọ́run kì í ka ẹ̀ṣẹ̀ sí ẹni tí wọ́n fi ipá mú lọ́rùn, kí n padà sí ààyè mi ní mọ́ṣáláṣí. Mo gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn pátápátá ni mo ń dúró sí títí ogójì ọjọ́ tí wọ́n ní a kì í gba ìrun ẹni tó mutí yóò fi pé. Òní ló di ọjọ́ kẹtàlélógún.

Má wá sílé báyìí. Padà sínú kíláàsì rẹ, kí o kọ́ iṣẹ́ náà tán, nítorí Madam ní òun yóò tún ilé iṣẹ́ náà kọ́, kò sì gbọdọ̀ sí ẹni tí yóò tún fi àìmọ̀ ṣe é. Bí wọ́n bá gbé ife síwájú rẹ lọ́la, tọ́ ọ wò. Tu ú dànù, kí o fọ ẹnu rẹ, kí o sì kí ìrun rẹ. Èmi ni mo sọ ọ́.

Ní oṣù kejì, mo bi ọ́ bóyá ó ti kàn ọ́ lẹ́nu. O ní bẹ́ẹ̀ kọ́, ṣùgbọ́n mo ti dá ọ lẹ́bi kí èsì rẹ tó dé. Ó ti kan èmi báyìí. Ó ṣì dùn, Mujeebat. Ó dùn bí omi ìrèké, mo ti mọ̀ ọ́n kó tó kọjá ọ̀fun mi. Dagogo sọ bẹ́ẹ̀ fún mi lẹ́nu géètì, èmi ni mo lé e.

Bàbá rẹ,
Ṣàfíù.